Ọ̀nà Omi Nínú Iléru Átọ́mù: Bí A Ti Ń Dán An Wò Kí Iná Tó Wọ Ọ̀pá

Gbogbo ẹni tí ó ń dáná mọ̀ pé bí omi bá gbẹ nínú ìkòkò, iná kékeré pàápàá tó láti ba ọbẹ̀ jẹ́. Bí omi bá sì wà níbẹ̀ tó bí ó ti yẹ, iná ńlá kò lè jó ìkòkò náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ iléru átọ́mù, èyí tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ń pèsè iná mànàmáná. Nínú iṣẹ́ náà, ohun kan wà tí ó gba ìṣọ́ra púpọ̀: kí ohun tí ń gbé ooru kúrò lára ọ̀pá ìdáná máa ṣàn dé ibi gbogbo tí ó yẹ kí ó dé, ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń dán ìṣàn náà wò ṣáájú, àti lórí ibi méjì tí ìṣàn náà ti kùnà: ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, èkejì ní ilẹ̀ Hungary ní ọdún 2003.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉRU NÁÀ

Ohun ìdáná iléru átọ́mù ni yùréníọ̀mù, irin wúwo kan tí a ń wà nínú ilẹ̀. Nínú iléru, àwọn átọ́mù yùréníọ̀mù, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn, a máa pín sí méjì. Bí wọ́n ti ń pín ni ooru ńláǹlà ń jáde. Kò sí ọwọ́ iná níbẹ̀, kò sí èéfín, kò sì sí eérú; ooru lásán ni.

A kì í da yùréníọ̀mù sínú iléru bí ẹni da èédú sínú ààrò. Inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń kó o sí, a ó sì dí ọ̀pá náà lórí àti nídìí pinpin, kí oró tí ó wà nínú rẹ̀ má baà jáde. A ó kó ọ̀pá púpọ̀ jọ di ìdì kan, bí ìdì igi ìdáná. A ó sì to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdì sínú ìkòkò irin ńlá kan tí ògiri rẹ̀ nípọn. Ohun ìmútutù yóò gba àárín àwọn ọ̀pá kọjá, yóò gbé ooru wọn, yóò sì jáde lọ sí ibi tí a ti ń fi ooru náà sọ omi di oruku omi gbígbóná tí ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná.

Ohun ìmútutù kò jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ní Calder Hall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ṣí ní ọdún 1956, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ni a lò. Ní Shippingport, ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, omi ni. Ní àwọn ibòmíràn, sódíọ̀mù ni, irin kan tí ooru ti sọ di omi. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, iléru kékeré kan wà fún ìwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004. Ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 30 kílówáàtì. Nítorí pé ó kéré báyìí, kò nílò ẹ̀rọ kankan láti ti omi gba àárín ọ̀pá rẹ̀: omi tí ó gbóná ń gòkè fúnra rẹ̀, èyí tí ó tutù sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀, bí a ti ń rí i nínú ìkòkò omi tí ó wà lórí iná.

Ṣùgbọ́n iléru tí ń pèsè iná mànàmáná fún ìlú ńlá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Nínú irú kan tí ó wọ́pọ̀, ọ̀pá 264 ni ó wà nínú ìdì kan ṣoṣo. Gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sún mọ́ mítà 4, ṣùgbọ́n kò nípọn ju ọmọ ìka lọ. Àlàfo tí ó wà láàrín ọ̀pá kan àti èkejì tó nǹkan bí mìlímítà 3. Inú àlàfo tóóró yìí ni gbogbo omi gbọ́dọ̀ gbà. Bí nǹkan bá dí i, ọ̀pá tí ó wà níbẹ̀ yóò gbóná rékọjá ààlà, ara irin rẹ̀ yóò là, oró yóò sì jáde.

Pípa iléru kò sì tó láti gba ọ̀pá là. Nígbà tí a bá ti dá pípín átọ́mù dúró, àwọn ohun tí ó kù nínú ọ̀pá ṣì ń mú ooru jáde. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá pa á, ooru tí ó kù tó nǹkan bí 6 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ti àtẹ̀yìnwá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rọlẹ̀. Nítorí náà ìṣàn kò gbọdọ̀ dẹ́kun.

BÍ A TI Ń ṢE ÌDÁNWÒ NÁÀ

Kò sí ẹni tí ó lè wọ inú iléru tí ń ṣiṣẹ́ láti lọ wo bí omi ti ń ṣàn. Nítorí ìdí èyí, kí wọ́n tó fi irú ìdì tuntun kan sínú iléru, àwọn ẹnjiníà a kọ́kọ́ ṣe àfijọ rẹ̀. Àfijọ náà bá ti gidi dọ́gba ní gígùn, ní ìbú àti ní iye ọ̀pá, ṣùgbọ́n kò sí yùréníọ̀mù nínú rẹ̀. Irin wúwo mìíràn bí òjé ni wọ́n máa ń rọ sínú ọ̀pá náà, kí ó lè wúwo kí ó sì máa mì bí ti gidi.

Wọn yóò gbé àfijọ yìí dúró nínú páìpù ńlá kan. Pọ́ǹpù yóò máa ti omi wọlé láti ìsàlẹ̀. Omi yóò gba àárín ọ̀pá gòkè, yóò jáde lókè, yóò sì tún padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù, bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yípo nínú ara ènìyàn. Wọ́n ti fi òṣùwọ̀n sí oríṣiríṣi ibi lára páìpù náà. Ìbéèrè mẹ́rin pàtàkì ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí.

Èkíní ni pé: agbára mélòó ni omi ń pàdánù lójú ọ̀nà? Omi tí ń gba àlàfo tóóró kọjá ń fi ara gbo ọ̀pá, ìfúnpá rẹ̀, èyíinì ni agbára tí ó fi ń ti ohun tí ó bá kàn, sì ń dín kù. Bí a bá fẹ́ kí omi tí ń kọjá di ìlọ́po méjì, ìfúnpá tí yóò ṣòfò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Láti inú ìdánwò yìí ni a ti ń mọ bí pọ́ǹpù iléru ti gbọ́dọ̀ lágbára tó.

Èkejì ni pé: ǹjẹ́ omi ń pín bí ó ti yẹ? Àwọn ìdì tí ó wà láàrín iléru sábà máa ń gbóná ju àwọn tí ó wà létí lọ. Bí ìyá ti ń bu oúnjẹ púpọ̀ fún ọmọ tí ebi ń pa jù, bẹ́ẹ̀ ni a ní láti fún ìdì tí ó gbóná jù ní omi púpọ̀ jù. Nínú àwọn iléru mìíràn, a máa ń ṣe èyí nípa fífi ihò ńlá sí ẹsẹ̀ ìdì kan àti ihò kékeré sí ẹsẹ̀ òmíràn. Ìdánwò ni yóò fi hàn bóyá ihò kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí iye omi tí a ṣírò kọjá.

Ẹ̀kẹta ni pé: ǹjẹ́ ìdì náà yóò dúró sí ipò rẹ̀? Omi tí ń sáré gòkè a máa fẹ́ gbé ìdì náà nílẹ̀. Ìdánwò ni ó ń fi hàn bóyá irin tí ó dì í mú lágbára tó.

Ẹ̀kẹrin ni pé: ǹjẹ́ ọ̀pá kò ní gbó? Omi tí ń sáré a máa mú ọ̀pá gbọ̀n, ọ̀pá tí ń gbọ̀n a sì máa fi ara ha irin tí ó dì í mú. Bí okùn ewúrẹ́ ti ń fi díẹ̀díẹ̀ gé èèpo igi tí a so ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni híha yìí ń gé ara ọ̀pá, títí ihò yóò fi lu. Ọ̀kan nínú ohun tí ó sábà ń ba ọ̀pá jẹ́ nínú iléru olómi nìyí. Nítorí náà, wọ́n lè jẹ́ kí omi máa sáré láàrín àfijọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tọ̀sán tòru, kí wọ́n tó tú u palẹ̀ láti yẹ ara ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò.

OMI TÍ Ń ṢOJÚ FÚN SÓDÍỌ̀MÙ

Sódíọ̀mù kò rọrùn láti fi ṣe ìdánwò. Ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 98 ni ó ń yọ́, kò sì ní hó títí ooru yóò fi dé 883. Èyí ni ó mú kí ó dára fún gbígbé ooru. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná tí ó sì kan afẹ́fẹ́, yóò gbiná. Bí ó bá kan omi, ìjà ńlá ni. Ojú kò sì lè rí inú rẹ̀. Báwo ni a ṣe lè fi omi lásán ṣojú fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó la ọ̀nà yìí ní ọdún 1883. Ó mú kí omi ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì, ó sì jẹ́ kí aró díẹ̀ máa tò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí omi ń rọra lọ, aró náà na tààrà bí fọ́nrán òwú. Nígbà tí omi yára ju ìwọ̀n kan lọ, fọ́nrán náà já, ó sì dàrú mọ́ gbogbo omi. Reynolds fi hàn pé ohun mẹ́rin ni ó ń pinnu ìwà ìṣàn: bí ó ti yára tó, bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó, bí ohun tí ń ṣàn ti wúwo tó, àti bí ó ti ki tó. A lè pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di iye kan. Bí ọ̀nà méjì bá jọ ara wọn, tí iye náà sì dọ́gba nínú méjèèjì, ìwà ìṣàn inú wọn yóò jọra, ì báà ṣe omi, epo tàbí afẹ́fẹ́ ni ó ń kọjá.

Nígbà tí a bá wo kíki pọ̀ mọ́ ìwúwo, omi tí ó gbóná dé nǹkan bí 90 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sódíọ̀mù tí ó gbóná dé 400 dọ́gba. Nítorí náà omi lè jẹ́rìí fún sódíọ̀mù ní ti bí yóò ti ṣàn, bí yóò ti pín, àti ibi tí yóò ti pàdé ìdènà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí omi ní ààlà. Ooru ń gba ara sódíọ̀mù kọjá ní nǹkan bí 100 ìgbà ju bí ó ti ń gba ara omi lọ. Nítorí náà, ìdánwò olómi kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ooru. Ààlà kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ: ohun tí a bá gbé sínú ìdánwò nìkan ni ìdánwò lè jẹ́rìí sí. Ìtàn iléru Fermi fi èyí hàn gbangba.

AWẸ́ IRIN TÍ Ó DÍ ỌNÀ NÍ MICHIGAN

Ní Lagoona Beach, ní etí adágún ńlá Erie, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni a kọ́ iléru kan sí tí a sọ ní orúkọ Enrico Fermi, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ítálì tí ó darí iléru átọ́mù àkọ́kọ́ ní Chicago ní ọdún 1942. Kíkọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, átọ́mù sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín nínú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Sódíọ̀mù ni ohun ìmútutù rẹ̀. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ 140 ni ó wà, sódíọ̀mù sì ń gba ẹsẹ̀ ìdì wọlé láti ìsàlẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe é ronú nípa ewu kan: bí yùréníọ̀mù bá yọ́ tí ó sì kán sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kó jọ sójú kan, kí átọ́mù rẹ̀ má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Nítorí náà, wọ́n gbé irin kan tí ó rí bí òkòtó dúró sí ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, kí ohun tí ó bá yọ́ lè ṣàn káàkiri lórí rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé ti ń lọ sí òpin, wọ́n tún fi awẹ́ irin mẹ́fà tí a fi zirconium ṣe bo òkòtó náà. Fún ààbò ni a ṣe fi wọ́n síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ gan-an ni sódíọ̀mù ń gbà wọlé. Ìṣàn náà ń gbọn àwọn awẹ́ yìí títí ọ̀kan fi já kúrò. Ìṣàn gbé e gòkè, ó sì lọ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìdì, bí ewé ti ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò ojú àgbàrá. Àwọn ìdì tí ó wà lókè rẹ̀ kò rí sódíọ̀mù gbà tó mọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1966, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé agbára iléru náà sókè. Kò tíì tó ìdá kan nínú márùn-ún 200 mẹ́gáwáàtì, èyí tí í ṣe gbogbo agbára ooru tí a gbà á láyè láti lò. Wọ́n ṣàkíyèsí pé òṣùwọ̀n ń ṣe ségesège, àti pé ooru tí ń jáde lórí àwọn ìdì kan ju bí ó ti yẹ lọ. Láìpẹ́, aago tí ń kìlọ̀ nípa ìtànṣán olóró dún nínú ilé náà. Wọ́n ju àwọn ọ̀pá ìjánu wọlé, pípín átọ́mù sì dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tí ó fara pa, ewu kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n apá kan nínú ìdì méjì ti yọ́.

Ó gba àkókò pípẹ́ kí a tó mọ ohun tí ó fà á. Wọ́n ní láti fa sódíọ̀mù kúrò, kí wọ́n sì fi iná àti awò tí ó gùn wo ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ dà bí agolo tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó di ọdún 1968 kí wọ́n tó fi irin iṣẹ́ gígùn fà á jáde. Wọ́n kó àwọn awẹ́ tí ó kù kúrò pẹ̀lú. Ní oṣù keje ọdún 1970 iléru náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dé òpin agbára rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n sì tì í pa ní ọdún 1972.

Àwọn tí ń ṣe iléru sódíọ̀mù lẹ́yìn náà kọ́gbọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń dá ihò púpọ̀ yí ẹsẹ̀ ìdì ká, tí ó fi jẹ́ pé bí irin pẹlẹbẹ kan bá dí ọ̀kan, sódíọ̀mù yóò gba àwọn yòókù wọlé.

OMI TÍ Ó GBA Ẹ̀YÌNKÙLÉ LỌ NÍ PAKS

Ti Michigan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ó dí. Ti Paks, ní etí odò Danube ní ilẹ̀ Hungary, jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ọ̀nà tí ó pọ̀ jù ni ó fa tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, a kó ìdì 30 jáde nínú iléru kan níbẹ̀, a sì kó wọn sínú àgbá irin kan lábẹ́ omi láti fọ ìdọ̀tí ara wọn. Wọ́n ti kúrò nínú iléru, ṣùgbọ́n ooru tí ó ṣẹ́kù ṣì wà nínú wọn. Nígbà tí fífọ̀ parí, pọ́ǹpù kékeré kan ni a fi sílẹ̀ láti máa ti omi gba inú wọn.

Ó yẹ kí omi náà wọlé láti ìsàlẹ̀, kí ó sì gba àárín ọ̀pá gòkè. Ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ àwọn ìdì náà. Púpọ̀ nínú omi gba ibẹ̀ jáde láì tíì dé ibi tí ooru wà. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, omi sì ń ṣàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni omi ń gbà, kò wọ inú ilé. Omi tí ó wà lókè hó, oruku omi gba ipò rẹ̀, àwọn ọ̀pá sì gbóná gidigidi fún wákàtí púpọ̀. Nígbà tí a ṣí ìdérí àgbá náà ní òru ọjọ́ 10 sí 11, omi tútù ya wọlé lójijì, àwọn ọ̀pá tí ooru ti sọ di gbẹrẹfu sì fọ́. Gbogbo ìdì 30 ni ó bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó fara pa, ṣùgbọ́n a ka ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí ipò kẹta nínú ipò méje tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n irú rẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Pé pọ́ǹpù ń dún kò tó. Pé omi ń jáde ní òpin páìpù kò tó. Ibi tí ooru wà gan-an ni ó yẹ kí a mọ iye omi tí ń débẹ̀. Bí a bá sì ti fi nǹkan kún ọ̀nà omi lẹ́yìn ìdánwò, tàbí tí a gbé ìdì kúrò níbi tí a ti dán an wò lọ sí ibòmíràn, ìdánwò ti àtijọ́ kò jẹ́ ẹ̀rí mọ́. A ní láti ṣe tuntun. Ohun tí a fi kún un ìbáà jẹ́ fún ààbò, ìbáà kéré bí awẹ́ irin pẹlẹbẹ, kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a fi jẹ́ kí omi máa sáré láàrín ọ̀pá tí kò ní yùréníọ̀mù lè dà bí ìfàsẹ́yìn lójú ẹni tí ń kánjú. Ó ná àwọn ará Michigan ní ohun tí ó sún mọ́ ọdún mẹ́rin láti tún ohun tí awẹ́ irin kan bàjẹ́ ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ohun ìmútutù fi gbọ́dọ̀ máa ṣàn nígbà tí a bá ti pa iléru átọ́mù?
2. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí àwọn ẹnjiníà ń wá nígbà tí wọ́n bá ń fi omi dán àfijọ ìdì ọ̀pá wò.
3. Kí ni omi lè jẹ́rìí sí nípa sódíọ̀mù, kí sì ni kò lè jẹ́rìí sí?
4. Báwo ni ohun tí a fi sínú iléru Fermi fún ààbò ṣe di ohun tí ó ba ọ̀pá jẹ́?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Michigan àti èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Paks, ibo sì ni ẹ̀kọ́ wọn ti pàdé?